Ìtàn Tí Mo Ń Kà fún Eyínfúnjowó

Sátidé ni wọ́n gbé Eyínfúnjowó dé ilé wa ní Ìsọlọ̀ láti ọsibítù, báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń bá dẹ́rẹ́bà takisí jà.

"Láti Ọ̀ṣọ́dì, kò sí kòtò kan tó o yà fún. Ṣé wọ́n di ojú tìrẹ náà ni?"

Dẹ́rẹ́bà fẹ́ fèsì. Ó wẹ̀yìn, ó rí báńdéèjì, ó pa ẹnu dé. Ó bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àbúrò ọkọ mi ni Eyínfúnjowó. Àìná ni wọ́n sọ ọ́. Kí àwọn ará ilé ọkọ mi má bínú o, torí kí ẹ̀yin tó ń kàwé lè mọ ẹni tí mò ń sọ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu mi kọ́ lẹ ó sì ti tún gbọ́ ọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ní Ìkìrun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Èmi ti pé mọ́kàndínlógún, ọmú ti kún àyà mi, síbẹ̀ orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Eyínfúnjowó." Eyín rẹ̀ tó funfun nini ni mo wò tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà á dúró, á káwọ́ sẹ́yìn bíi baálé, ikun imú á máa yọ́ bọ̀ wá sí ètè rẹ̀, á ní: "Ìyàwó, ṣé o sùn dáadáa?"

Lọ́dún 1976 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti lọ́mọ-ọmọ méje. Ìdí mi ti gbòòrò débi pé tí mo bá jókòó sínú àga alápàá, èmi àti àga la jọ máa ń dìde. Eyínfúnjowó ò yé pè mí ní ìyàwó. Èmi náà ò yé kí i ní "ẹ".

Ọdún mẹ́fà ni funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ìkìrun, títí kò fi mọ ènìyàn yàtọ̀ sí òpó mọ́. Adébímpé, ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà, tí mò ń bá gbé, ló ní ká gbé e wá sí Èkó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ṣùgbọ́n aláìsàn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ni wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, kó padà wá ní Túsìdè ọ̀sẹ̀ kejì, ìyẹn ọjọ́ mẹ́wàá sí i, kí wọ́n tó tú ojú náà.

Dókítà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò gbọdọ̀ gbé nǹkan. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín àrín-ta-kìtì, kò sì gbọdọ̀ sunkún.

"Tó bá ṣe é ńkọ́, dókítà?"

"Ojú abẹ á là, Màmá. Tó bá sì ti là, ojú yẹn lọ nìyẹn."

Ẹ ò mọ Eyínfúnjowó, ẹ ò mọ ẹrù tí wọ́n gbé lé mi lórí. Obìnrin yìí kò jókòó jẹun rí. Ìdúró ló fi bí ọmọ rẹ̀ kejì, ẹ̀bá ààrò báyìí. Kí á tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tán lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó ti ń tọwọ́ wá ìgbálẹ̀.

"Ìyàwó, ilẹ̀ ilé yín ń ha mí lẹ́sẹ̀. Ẹ kì í gbálẹ̀ ní Èkó ni?"

"Eruku sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Irọ́ kọ́. Gbogbo Ìsọlọ̀ ń kọ́lé nígbà náà. Epo ti sọ ìlú di ọlọ́rọ̀, lọ́rì sìmẹ́ǹtì ń wọ́ tẹ̀ léra wọn níwájú ilé wa bí èèrà, eruku wọn la fi ń jẹ ẹ̀bà. Adébímpé ti fi owó Údójì, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ra fáànù onídùúró kan tó ń yí ọrùn kiri bí olófòófó, ìyẹn náà ló sì ń gbé eruku ọ̀hún kiri yàrá.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbìyànjú àtidìde nígbà mẹ́rin. Mo ti jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì kí ìwúwo mi lè dí i lọ́nà. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sí ìtàn mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà fún ọdún méjì nígbà náà, ní ilé-ìwé kan lẹ́yìn ọjà Ìsọlọ̀, lọ́wọ́ Tíṣà Àyànníyì, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Ó ti ní kí kálukú wa kọ ìtàn tirẹ̀. Àwọn tó kù kọ ojú ìwé méjì. Tèmi ti di ìwé ìkọ̀wé kan ààbọ̀. Mo ti ń pa á mọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí bí ẹni tó jí i gbé. Mo rò ó pé, ìtàn lè so obìnrin yìí mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka ìtàn fún ènìyàn, tó sì fẹ́ mọ ohun tó kàn, kò ní dìde.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, mo fi gíláàsì mi sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lará ni. Olórí kunkun ni Lará. Ó gbọ́ lẹ́yìn ògiri pé wọ́n fẹ́ mú òun lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin kan ní Ìlá kí ó lọ máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò wí nǹkan kan. Ó fọ abọ́, ó gbálẹ̀, ó sì pòórá lójú ọ̀sán. Ìyàwó ilé kan wà níbẹ̀ tó lóyún, òun ni wọ́n ní kó máa mójú tó ọmọ náà. Oorun oyún ti gbé e lọ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ sórí ẹní.

Eyínfúnjowó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àyà rẹ̀. Mo kà títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, kò mira. Sẹ̀kínátù, tí yàrá rẹ̀ kan tiwa, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Industrial Estate, ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa kó tó lọ sí ṣíìfìtì ọ̀sán.

"Ìyá Adébímpé, ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Ibi tí itọ́ ti ń dà lẹ́nu ìyàwó yẹn, mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Má pa Eyínfúnjowó lẹ́rìn-ín fún mi o!"

Ìyà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìtàn tí kò gbọdọ̀ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, tí kò sì gbọdọ̀ mú un sunkún! Ibi tó bá ti dùn jù, mo ní láti fò ó. Tí mo bá rí i pé ẹ̀rín ti ń gun àgbọ̀n rẹ̀ bọ̀, màá yára ka ibi tí mo ti ń júwe igi.

Túsìdè ni ìwé mi parí. Lará ti sọnù, ilé ti dàrú, gbogbo agbo ilé ti tú síta pẹ̀lú àdá àti igi, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ káàkiri oko. Ìyàwó olóyún náà ti yà lọ sí ẹ̀bá ojú irin ní òun nìkan. Ó dúró. Ó ya ẹnu. Ó ní

Ó ní kí ni? Ìwé funfun ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ibẹ̀ ni báírò mi ti dúró láti bí oṣù méjì sẹ́yìn.

"Ọ̀la ni ìyókù," mo wí, mo yára pa ìwé dé.

Mo rò pé tó bá ti di dandan, á wá. Kò wá. Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dà bí ìgbà tí ènìyàn lóṣòó sí ṣáláńgá láti àárọ̀, tó ń gbin, tí òógùn ń bọ́, tí nǹkan kan ò sì já bọ́. Mo yí báírò padà. Mo gbé àga lọ sẹ́yìnkùlé. Mo jẹ búrẹ́dì, mo tún jẹ òmíràn. Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà, orúnkún mi kọ̀ kò dìde mọ́, Sẹ̀kínátù ló wá fà mí. Mo lọ bá Tíṣà Àyànníyì nílé rẹ̀, ó ní, "Màmá, ìlapa èrò lẹ ò ṣe. Ẹ lọ to gbogbo rẹ̀ ní oókan-oókan." Mo délé, mo tò ó. Ọ̀kan, Lará gbọ́ ọ̀rọ̀. Èjì, Lará sá lọ. Ẹ̀ta, wọ́n ń wá Lará. Ẹ̀rin, ìyàwó dé ẹ̀bá ojú irin, ó ya ẹnu. Mo wo ẹ̀rin títí. Ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdè, mo yí i dà. Mo ní àwọn tó ń wá ọmọ ti rẹ̀, wọ́n padà sílé láti jẹun kí wọ́n tó tún jáde. Iyán ni wọ́n gún. Mo júwe iṣu náà láti inú ebè. Mo júwe odó. Mo júwe ọbẹ̀, ẹran ibẹ̀, àti egungun tó wà nínú ẹran. Ojú ìwé mẹ́rin.

Eyínfúnjowó gbọ́ ọ tán. "Ìyàwó."

"Ẹ̀ẹ́n."

"Ọmọ sọnù, ẹ̀ ń jẹ iyán."

"Ebi ń pa wọ́n."

"Kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọ̀la kí wọ́n dìde."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo mú kìnnìún wọlé.

"Kìnnìún ti ibo?" Eyínfúnjowó béèrè. "Ní Ìkìrun?"

"Mi ò sọ pé Ìkìrun ni. Ìlú kan ni."

"Ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, tí wọ́n ti ń mú ọmọ lọ Ìlá. Kìnnìún yẹn wọ ọkọ̀ wá ni? Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Sẹ̀kínátù bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i tí èjìká Eyínfúnjowó ń gbọ̀n, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí. Mo kígbe, "Kìnnìún ti kú! Ó ti kú, ẹ má rẹ́rìn-ín!" Ìyẹn náà ló wá tún burú sí i. Ó pẹ́ kó tó mí délẹ̀. Mo wo etí báńdéèjì yí ká bóyá omi kankan ń jáde. Kò sí. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi ìdí ti ògiri. Màá fọ́ ojú obìnrin yìí pẹ̀lú yẹ̀yẹ́ mi.

Fúráìdè ni mo ṣílẹ̀kùn tí mo bá a lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀, ó ń tọwọ́ wá bàtà. Adébímpé ti lọ síbi iṣẹ́. Sẹ̀kínátù ti lọ sí ṣíìfìtì àárọ̀. Àwa méjèèjì nìkan la wà nílé.

"Ẹ̀ ń lọ síbo?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Màá lọ fọ aṣọ mi. Mo gbọ́ tí o kó o sínú omi láti àná, ó ti ń rùn."

"Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sídìí ọpọ́n, ojú yín…"

"Ojú mi! Ọjọ́ méje nìyí tí mo ti sùn bí òkú tí wọn ò rí ibi sin. Tó o bá ní ìtàn, kà á. Tó ò bá ní in, fún mi ní bàtà mi."

"Ẹ dùbúlẹ̀, Eyínfúnjowó. Màá sọ òótọ́ fún yín."

"Sọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀. Tí n bá dùbúlẹ̀, o ó tún gbé kìnnìún wá."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo di kókósẹ̀ rẹ̀ mú. Bóyá kó má baà dìde ni o, bóyá kí èmi náà lè rí nǹkan dì mú ni, mi ò mọ̀.

"Lará yẹn," mo ní, "Lará kọ́ ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé èmi ni. Láti Sọ́ńdè. Ṣé báńdéèjì yìí bo etí ni? Ta ni wọ́n tún fẹ́ mú lọ Ìlá nínú agbo ilé wa? Ìwọ lo sì máa ń da itọ́ tó o bá sùn. Gbogbo ilé ló mọ̀."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ń bá a lọ. Tí mo bá dúró, kò ní jáde mọ́ láéláé.

"Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ń pe orúkọ yín. Bàbá ń pè é, ọkọ mi ń pè é, àwọn ìyá ilé ń pè é. Gbogbo igbó ń dún orúkọ yín. Èmi nìkan ni mi ò pè é. Mo dé ẹ̀bá ojú irin, mo ya ẹnu, ó ti wà lórí ahọ́n mi, ahọ́n kọ̀, kò gbé e jáde. Mo ń rò ó pé bóyá ẹ ti jìn sí kànga, bóyá ẹ kàn ń retí ẹni tó máa pè yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ dáhùn. Èmi sì dúró síbẹ̀ bí odi, torí èèwọ̀ ìyàwó. Ọdún méjìdínlógójì nìyí. Ọkọ mi kú, mi ò sọ ọ́ fún un. Ìgbà tí mo wá ń kọ ọ́, tí ìyàwó inú ìwé dé ẹ̀bá ojú irin, mi ò mọ ohun tí màá ní ó ṣe. Tí mo bá kọ pé ó pè é, irọ́ ni. Tí mo bá kọ pé kò pè é, ẹ ó mọ̀."

Fáànù yí ọrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ó yí padà. Lọ́rì kan kọjá níta, àwo gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé Eyínfúnjowó ń bínú.

"Ìyàwó," ó ní nígbà tó yá, "nígbà tó o dé ẹ̀bá ojú irin, ibo lo jókòó sí?"

"Jókòó kẹ̀?"

"O jókòó. Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, o di ìbàdí mú."

Mo ronú. Lóòótọ́, mo jókòó. "Abẹ́ igi ìṣin kan."

"Èmi wà lórí rẹ̀."

Mo gbójú sókè wò ó. Ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ nìkan ló hàn lábẹ́ báńdéèjì, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣe bí ẹnu ọmọ tó jẹ ẹran inú ìkòkò.

"Láti ọ̀sán ni mo ti wà níbẹ̀," ó ní. "Gbogbo wọn ló gba abẹ́ mi kọjá. Bàbá kọjá: 'Àìná! Ìwọ Àìná!' bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó wọ oko ẹ̀gẹ́. Ọkọ rẹ kọjá pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ máa pè é lọ. Mo fẹ́ sun orí igi náà mọ́jú, kí n wọ ọkọ̀ ojú irin tó bá kọ́kọ́ dúró, ibi tó bá gbé mi dé, ó gbé mi dé. Mo ti pinnu. Mo dẹ̀ máa ń ṣe ohun tí mo bá pinnu, o mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ yín."

"Ìwọ lo wá dé gbẹ̀yìn. Pẹ̀lú ikùn gàgàrà. O ò pariwo. Ò ń wí 'Eyínfúnjowó, Eyínfúnjowó', bí ìgbà tí wọ́n ń jí ọmọ tó ń sùn. O jókòó. O bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. O ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ, ta ni mo tún ní nínú ilé yìí? Ta ni màá máa bá rẹ́rìn-ín?' O wá fi etí ìró rẹ fun imú, ó dún pàà, bí fèrè ọlọ́kọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́ lù ọ́."

Mi ò rántí ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Gbogbo ọdún yìí, ẹnu mi tó yà tí kò lè pe orúkọ nìkan ni mo rántí. Ohun tó jáde lẹ́nu náà lẹ́yìn ìyẹn, òun ló ti ń tọ́jú rẹ̀.

"Bó o ṣe lọ tán ni mo sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé, kí wọ́n má baà rí i pé ọ̀nà ibi tó o wà ni mo ti wá, kí wọ́n ní ìwọ lo fi mí pamọ́. Ohùn Bàbá kọ́ ló mú mi wálé. Ta ló ń dá ẹni tó ń fi pàṣán pe ènìyàn lóhùn?"

Ni mo bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún àgbàlagbà. Ẹkún tí imú ń kópa nínú rẹ̀.

"Ìyàwó! Dákẹ́! Wọ́n ní kí n má sunkún, o sì mọ̀ pé ẹkún ń ràn mí. Bó o bá máa sun ún, bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, lọ bá aṣọ tó ń rùn."

Mo ń lọ, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo fi orí gbá férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀, ó tún aṣọ bora.

Mo fọ ojú mi nídìí ẹ̀rọ omi. Mo jókòó sórí pẹpẹ ìfọṣọ, mo fi ìwé lé itan. Mo kọ pé ìyàwó náà ya ẹnu, orúkọ kò jáde. Mo kọ ọ́ gan-an báyìí: kò jáde. Mo wá kọ ohun tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ará, mi ò lè sọ bó ṣe rí fún yín. Báírò ń sáré, ọwọ́ mi ni kò lè bá a. Mi ò rántí oúnjẹ. Ìgbà tí Adébímpé fi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, aṣọ ṣì wà nínú omi, ìrẹsì ti jóná, mo sì ti kọ ojú ìwé mọ́kànlá.

"Màmi, kí ló dé tí ilé ń rùn báyìí?"

"Ìtàn ni," Eyínfúnjowó dá a lóhùn láti inú yàrá. "Ìtàn ń jáde."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ka ibi ojú irin náà. Sẹ̀kínátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíkáàfù iṣẹ́ lórí, kò rẹ́rìn-ín, kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyàwó ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó jáde lọ síta, ó lọ sunkún tirẹ̀ níbi tí kò ti ní ran ẹnikẹ́ni. Eyínfúnjowó na ọwọ́ síta lábẹ́ aṣọ, ó ń wá nǹkan kiri. Mo fi ọwọ́ mi sínú rẹ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi ń ṣí ìwé títí mo fi kà á tán.

Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè ni mo fi parí rẹ̀. Lará wọlé láti ẹ̀yìn ilé. Bàbá rẹ̀ nawọ́ mú pàṣán. Ìyàwó olóyún náà wá lọ kúnlẹ̀ sáàárín wọn pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ní òun ò dìde. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n fà á, ó wúwo ju ohun tí wọ́n lè fà lọ. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ìbínú bàbá fi tán, ó sì wí lójú gbogbo wọn pé bí wọ́n bá mú ọmọ yìí lọ Ìlá, kí wọ́n mú òun náà.

"Dúró ná," Eyínfúnjowó ní. "Èyí ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n nà mí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n nà mí, mi ò lè jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ wà ní kọ̀rọ̀, ò ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, ẹ̀rù Bàbá ń bà mí. Ní báyìí, ọwọ́ mi ni báírò wà."

"Tún un kà," ó ní. "Ibi tí wọn ò ti lè fà á yẹn."

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ Túsìdè, a tún wọ takisí. Mo ti kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà yìí kí ó tó ṣíná sí ọkọ̀, bí ìjàpá ló sì wa ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀ dé ọsibítù. Eyínfúnjowó ò bá a jà. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á nígbà náà, torí mi ò rí ibi tó ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láìsí ìtàn.

Dókítà jókòó níwájú rẹ̀. Ó ń tú báńdéèjì náà yípo, yípo, ó gùn bí ọ̀já ìbejì. Ó yọ òwú ojú ọ̀tún, ó yọ ti òsì. Ó tan iná kékeré kan sí i, ó sún mọ́ ọn, ó mí sókè. "Ojú abẹ ti jinná dáadáa," ó ní. "Màmá yìí tẹ́tí sí wa." Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ló tẹ́tí sí. Ó mú gíláàsì kan tó nípọn bí ìdí ìgò, ó fi sí i lójú.

Eyínfúnjowó ṣẹ́jú. Ó wo ògiri. Ó wo nọ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Kò sọ bóyá ó rí wọn tàbí kò rí wọn.

Ó wá yíjú sí ọ̀dọ̀ mi. Nínú gíláàsì yẹn, ojú rẹ̀ tóbi bí ojú òwìwí. Ó wò mí. Ó wò mí títí.

"Ìyàwó? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Eyínfúnjowó."

"Hà! O mà ti darúgbó o! Ta ló sọ ọ́ dà báyìí?"

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu mi, wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Nọ́ọ̀sì di mí lápá, ó ní ọsibítù nibí, Màmá, ẹ máa bọ̀ níta. Ó ti ń tì mí dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Eyínfúnjowó ké tẹ̀lé wa.

"Má mú un lọ jìnnà! Mi ò tíì wò ó tán!"